Asọ̀rọ̀máhàn Inú Eèsún

Ẹyẹ náà kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbà ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ńṣe ni mo yíjú padà tí mo sì ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá." Mo ti rò pé àgbàlagbà kan ló wúkọ́ lẹ́yìn mi. Kò sí ẹnì kankan. Eèsún nìkan ló wà níbẹ̀, ó ga ju ènìyàn lọ, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn eèsún náà ń mì.

Orúkọ mi ni Judicaël Adéyẹmí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní àdúgbò Houinmè. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti sọ ọ́ ní kọmísáríà àwọn ọlọ́pàá, mo sì ti sọ ọ́ níwájú ẹbí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Apá tí ó kàn wọ́n ni wọ́n gbọ́. Ìyókù rèé, tí n kò tíì rí ẹni tí yóò bá mi gbé e.

Ọdún tó kọjá ni obìnrin onímọ̀ ẹyẹ kan láti Kútọnu, Màdáámù Clémentine, wá bá àwa olùkọ́ tí a ń gbé létí ọ̀sà. Ó fún olúkúlùkù wa ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan, ó ní kí a máa gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀. Ó ní àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ inú eèsún ló ń da òun láàmú jù. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ni gbogbo wọn ní. Bí èèyàn bá tò mẹ́ta sórí tábìlì, ìyá wọn pàápàá lè ṣì wọ́n mú. Ohùn ni a fi ń dá wọn mọ̀, àti ìtẹ́ wọn, àti irú ibi tí wọ́n ń gbé.

Mo gba ohùn ẹyẹ tó dà bí ikọ́ àgbàlagbà yẹn sílẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ sí i. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti pè mí.

"Mùsé Adéyẹmí, níbo lẹ ti gba ohùn yìí?"

"Létí ọ̀sà, Màdáámù. Ní apá ìwọ̀-oòrùn afárá."

"Bó bá jẹ́ ẹyẹ tí mo rò ni, kò sí ìwé kan tó sọ pé ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ohùn nìkan kò tó. Ẹ bá mi ya àwòrán rẹ̀. Ẹ bá mi wá ìtẹ́ rẹ̀, kí a mọ irú koríko tó so ó mọ́."

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ni. Kò sí ẹni tó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ rí. Orí mi wú. Bí mo bá ní kí n wá orísun ẹ̀ṣẹ̀ mi, ibẹ̀ ni mo máa ń dé.

Ẹni tó mọ inú eèsún yẹn bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ ni Mọ́símọ̀. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti ilé wa. Eèsún àti koríko ẹní ni ó ń gé tà, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Lọ́dún tí omi yalé, tí mo wà ní kíláàsì kejì, ọrùn rẹ̀ ni ó gbé mi lé tí ó fi gbé mi dé ilé ìwé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò pè é ní nǹkan mìíràn rí ju ẹ̀gbọ́n lọ.

Mo fi ohùn ẹyẹ náà tì í létí nínú pọtábù mi, fóònù àpamọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ, ó sì dá ẹ̀rọ náà padà fún mi kíákíá bí ẹni tí ó di irin gbígbóná mú.

"Asọ̀rọ̀máhàn nìyẹn," ni ó wí. "A kì í wá a. Bí a bá ń gé eèsún tí a gbọ́ ọ, a ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un títí di ọjọ́ mìíràn."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Bàbá mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Ó kàn máa ń kó àdá ẹ̀ ni."

Ó kọ̀ fún mi nígbà àkọ́kọ́. Ó kọ̀ nígbà kejì. Nígbà kẹta, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Lọ́dún yẹn, àwọn onílé ń da yanrìn sí etí ọ̀sà láti fi kọ́lé, ibi tí Mọ́símọ̀ ti ń gé eèsún sì ń dínkù lóṣooṣù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá kọ orúkọ ẹyẹ yìí sínú ìwé, pé ibẹ̀ yẹn ni ilé rẹ̀, ìjọba kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da yanrìn síbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ yín ò ní parun." Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ òótọ́ ni mo fi sọ ọ́. Mo sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé òun ni yóò mú un gbéra.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà náà."

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ni a ta ọkọ̀ kúrò ní èbúté, oòrùn sì dà bí àwo funfun lẹ́yìn eruku. Mọ́símọ̀ dúró ní ìdí ọkọ̀, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ odò, kò sì kọrin bí ó ti máa ń kọ. Nígbà tí a dé ẹnu ojú omi tóóró tó wọ inú eèsún, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ká a, ó sì tì í sáyà. Láti ibẹ̀ lọ, eèsún ń ha ọkọ̀ lápá ọ̀tún àti apá òsì. Kò sí ẹ̀fọn. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́. Òórùn ẹrẹ̀ tí oòrùn kò kàn rí ló wà níbẹ̀.

A dúró níbi tí ojú omi náà pin sí. Mo so ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ́ ìdì eèsún kan, mo tàn án. Lẹ́yìn náà ni mo mú pọtábù mi jáde. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi ohùn ẹyẹ pe ẹyẹ. Yóò rò pé ẹlòmíràn ti wọ ilé òun, yóò sì jáde wá jà.

Mọ́símọ̀ rí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Adéyẹmí, o ò sọ fún mi pé o máa pè é."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo pè é.

Nígbà keje, ó jáde. Ó dì mọ́ ìdí eèsún kan ní ìsàlẹ̀, nítòsí omi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, ọ̀fun rẹ̀ funfun díẹ̀, ìlà kan tín-ín-rín sì kọjá lórí ojú rẹ̀. Kò fò, kò sì jà. Ó ń wò mí. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ méjì sínú eèsún, mo rí ìtẹ́ náà: ife kékeré kan tí wọ́n fi koríko hun, tí wọ́n so mọ́ eèsún mẹ́ta. Mo gbé pọtábù sókè, ewé ń dí mi lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi la eèsún yẹn díẹ̀."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn ò ṣeé fọkàn tán."

"Ìgbésẹ̀ méjì péré."

Ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀. Omi dé orúnkún rẹ̀. Ó la eèsún sí méjì bí ẹni ṣí aṣọ ojú fèrèsé, mo sì ya àwòrán mi, mẹ́rin, márùn-ún. Ẹyẹ náà gbéra lọ sínú. Mọ́símọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sí i láti tẹ̀lé e pẹ̀lú ojú. Eèsún padé lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo nǹkan dákẹ́.

"Adéyẹmí!"

Ọwọ́ ọ̀tún ni ohùn rẹ̀ ti wá, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n na nǹkan sí òun. Kí n tó lanu, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ní ọwọ́ òsì, lẹ́yìn mi. "Adéyẹmí!" Ohùn kan náà ni. Mọ́símọ̀ kò lè ti ọ̀tún dé òsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìjẹ́ kí omi dún.

Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì pè mí pọ̀. Ti ọ̀tún ń sáré mí, omi wà nínú rẹ̀. Ti òsì fara balẹ̀. Ti òsì ń sún mọ́ ọkọ̀.

Ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi. Ó gùn tó láti dé ọwọ́ ọ̀tún. Mo ti wọ̀n ọ́n lọ́kàn mi láìmọye ìgbà láti ọjọ́ yẹn. N ò nà án sí ọ̀tún. Ilẹ̀ odò ni mo gún, ọkọ̀ sì fà sẹ́yìn, mo tún gún un, mo tún gún un, eèsún ń gbá mi lójú, ẹni méjì ń pe orúkọ mi lẹ́yìn, títí tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sà fi yọ sí mi.

N kò gba èbúté. Mo gúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ń da yanrìn sí, níbi tí kò sí èèyàn, mo sì ti ọkọ̀ kúrò pẹ̀lú ẹsẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí n kò bá rí ọkọ̀ náà, ohun tí mo ṣe kò ní rí mi. Ní gbogbo ọ̀nà ilé ni mo ń wí fún ara mi pé orí omi ni wọ́n bí Mọ́símọ̀ sí, pé yóò rìn jáde, pé yóò wá bú mi ní ìrọ̀lẹ́, pé èmi yóò sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Chakirath, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wassim, wá bá mi kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ̀ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀. Àwọn ará ilé mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ ìjọ.

"Adéyẹmí, ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jáde."

Mo ti pinnu láti sọ òótọ́. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo ti pinnu. Mo lanu, mo sì gbọ́ ohùn ara mi: "Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ lọ́sàn-án, Ìyá Wassim. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí ìhà Kraké, lẹ́bàá ibodè, pé àwọn ní ẹnìkan tí àwọn fẹ́ rí."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́, ó sì padà sílé lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ kaná.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n rí ọkọ̀ náà tí ó léfòó lójú omi ní ìlà-oòrùn, níbi tí omi ń ṣàn lọ. Ìyẹn fi èdìdì di irọ́ mi. Gbogbo ọkọ̀ èbúté ló kọjú sí ìlà-oòrùn. Èmi náà wà nínú wọn. Mo jókòó sínú ọkọ̀ Issiaka, àbúrò Ìyá Wassim, mo ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, mo sì ń pe, "Ẹ̀gbọ́n Mọ́símọ̀ o!" níbi tí mo mọ̀ dájú pé kò sí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lanu, mo máa ń rò pé ìsinsìnyí ni n ó sọ. Oòrùn wọ̀, n kò tíì sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wá a. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n ní ta ni ó fẹ́ rí ní Kraké? Wọ́n ní ó ti gba ẹnu ibodè kọjá sí Nàìjíríà, pé ó ní obìnrin kan níbẹ̀. Mo rí Ìyá Wassim lójú ọ̀nà, ó di aṣọ mọ́ra, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù. Irọ́ tí mo pa láti fi bo ara mi ti tú u síhòòhò láàárín ìlú. Síbẹ̀, mo kí i, mo sì kọjá.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ṣì wà nínú eèsún. Kì í ṣe tèmi. Màdáámù Clémentine sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo yá ọkọ̀ kan, mo lọ lówùúrọ̀ kùtùkùtù, èmi nìkan. Mo tú ẹ̀rọ náà kúrò pẹ̀lú ojú tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. N kò wo ọ̀tún. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi káàdì inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu láì tẹ́tí sí i.

Ọjọ́ Ẹtì ni Màdáámù Clémentine pè mí. Wákàtí ìsinmi ni, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo ní gbàgede.

"Mùsé Adéyẹmí, mo kí yín kú oríire! Òun gan-an ni. Àwòrán, ìtẹ́, ohùn, gbogbo ẹ̀ pé. Ẹyẹ yìí ní àṣà kan, ó máa ń sín ohùn ẹyẹ mìíràn jẹ. Mo ti rí mẹ́sàn-án nínú orin rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ta ni ọkùnrin yẹn?"

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó ń pè yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gbogbo iṣẹ́ mi jẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀, títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí iná ẹ̀rọ fi tán. Ṣé ẹ sùn síbẹ̀ ni?"

Mo ní kí ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wọ yàrá tí a ń kó ohun èlò ẹ̀kọ́ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí ariwo ọ̀pá mi ti lọ sílẹ̀, Mọ́símọ̀ ṣì ń pè mí. Ó ń pè, ó ń sinmi, ó ń pè. Nígbà kan ó ní, "Adéyẹmí, ẹsẹ̀ mi há." Nígbà kan ó ní, "Adéyẹmí, má bẹ̀rù, ọ̀pá yẹn ni kó o nà." Ó rò pé mo ṣì wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń há, ó ń fúyẹ́, ó ń pẹ́ kó tó tún dún, títí tó fi dákẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló gba ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo sáré gbé e lọ sí òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

"Adéyẹmí!"

Ó le, ó sì mọ́, bí ohùn ẹni tí ó sùn dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́, orúkọ mi nìkan ni. Ó ń pè é, kò yára, kò sì falẹ̀, bí omi tí ń kán, láti òwúrọ̀ títí ẹ̀rọ náà fi kú. Ní gbogbo wákàtí tí mo fi jókòó sínú ọkọ̀ Issiaka ní ìlà-oòrùn, tí mo ń fẹnu lásán pè é, ó ń pè mí ní ìwọ̀-oòrùn. Ó wà láàyè. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn: ó sùn, ó jí, agbára rẹ̀ padà, mo sì fi irọ́ mi pa á lọ́jọ́ kejì.

N kò padà sí kíláàsì. Sẹ́míjàn, ọ̀kadà akérò, ni mo gùn lọ sí ilé Mọ́símọ̀. Ìyá Wassim jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, Issiaka sì jókòó sórí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò sì dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán. Issiaka dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì gbé e lu ògiri.

Ìyá Wassim kò sunkún. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ lo gbọ́ nínú ẹ̀rọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló sọ lọ́jọ́ kejì?"

"Orúkọ mi ni."

Ó di ojú rẹ̀. Ó ní, "Adéyẹmí, dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo—"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ á dúró!" ni Issiaka fi jágbe mọ́ ọn. Ó ti gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú. "Dìde. Mú wa lọ síbẹ̀."

Ọkọ̀ mẹ́ta ni a gbé lọ. Ọ̀sán gangan ni. Omi ti fà gan-an, ẹrẹ̀ ti yọ létí eèsún. Èmi ni mo wà níwájú pẹ̀lú Issiaka. Bí a ti dé ibi tí ojú omi pin sí, mo gbọ́ ọ.

"Adéyẹmí!"

Mo wo ojú Issiaka. Kò yí padà. Ẹyẹ ni ó gbọ́, bí ó bá tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ohùn náà tún pè, ó fara balẹ̀, ó sún mọ́ wa. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ronú pé ọkùnrin yìí pè mí títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, tí n kò dá a lóhùn. Ohun tó kéré jù tí mo lè ṣe fún un nìyí. Mo dìde dúró nínú ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o! Èmi Adéyẹmí ni. Mo dé!"

Gbogbo inú eèsún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dà bí ìgbà tí ènìyàn bá dá ọ̀rọ̀ dúró nítorí pé ohun tí ó ń retí ti wọlé.

"Ta lo ń bá sọ̀rọ̀?" ni Issiaka béèrè.

Ní ọwọ́ ọ̀tún, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí mo ti fi í sílẹ̀, a rí Mọ́símọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín àwọn igi tí àwọn apẹja àtijọ́ gún mọ́lẹ̀, tí ẹrẹ̀ ti bò. N kò ní sọ bí ó ti rí. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e lọ́jọ́ náà, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí kọmísáríà fúnra mi. Wọ́n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, wọ́n ní kí n má ṣe kúrò ní Àjàṣẹ́ títí wọn yóò fi pè mí.

N kò rò pé wọ́n máa jẹ́ kí n wá síbi àdúà ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá Wassim ló ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí àwọn àlùfáà ṣe àdúà tán, tí wọ́n ń pín sàráà, ó juwọ́ sí mi, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn ilé, nídìí kànga. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

"Ó wá sílé," ni ó wí.

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ. Ọjọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí gbogbo yín wà lójú omi. Mo ń ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga ẹ̀. Aṣọ ẹ̀ tutù rinrin, àmọ́ ilẹ̀ ò tutù. Mo bu omi fún un, kò mu ún."

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán. Ní wákàtí yẹn, ohùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tí mo so mọ́ eèsún, ó ń pe orúkọ mi.

"Ó ní, 'Bí Adéyẹmí bá wá bá ọ pé mo ń pe òun, sọ fún un pé èmi kọ́. Láti àná, kí ilẹ̀ tó ṣú, ni mo ti dákẹ́.' Mo ní, Mọ́símọ̀, níbo lo ti dákẹ́? Kò wò mí. Ó ní, 'Kó má dá a lóhùn o. Ohunkóhun tó bá gbọ́, kó má dá a lóhùn.' Mo yíjú láti dé ìkòkò omi. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, àga ti ṣófo."

Mo fi ọwọ́ di etí kànga mú.

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan," ni ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ìgbà yẹn ló máa kú ní tòótọ́. Èmi náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi níbẹ̀. Àmọ́ ìwọ ló rán mi sí, Adéyẹmí. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà, pé wàá wá. O máa ń kí mi lójú ọ̀nà, wàá sì kọjá. Lọ́jọ́ tó o wá wá, Issiaka ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Ó gbé ojú sókè wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́ tí mo rí àánú lójú rẹ̀, mo sì rí i pé èmi ló ń ṣàánú fún.

"O ò dá a lóhùn, àbí?"

Mo ní, "Rárá, mà. N kò dá a lóhùn."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Alihamudulilai," ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn, ó sì rìn padà lọ bá àwọn èèyàn.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí Issiaka. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé abọ́ sàráà lọ́wọ́, mo sì mọ̀ láti ojú rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí ó ti wà níbẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Kò bú mi. Nígbà tí ó fẹ́ kọjá lára mi lọ sídìí kànga, ó fi ọwọ́ kó etí agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó rọra yà gba ara ògiri, kí aṣọ rẹ̀ má bàa kàn mí.